Agolo "testo" tí wọ́n ń tà fún ọkùnrin: ṣé ó ń ṣiṣẹ́, ṣé kò léwu?

Ọmọ Kétu béèrè:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọmọ ọdún 34 ni mí, Kétu ni mò ń gbé, alùpùpù ni mò ń tún ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo máa ń lọ gbé irin lálẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ra agolo kan bọ̀ fún mi láti Kútọnu, 22,000 fàráńkì ni. Wọ́n kọ "testo" gàdàgbà sí i lára. Amino asíìdì, irú èròjà kéékèèké tó ń para pọ̀ di purotéènì, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: D-aspartic acid tí wọ́n ń pè ní DAA, àti arginine. Wọ́n wá fi zinc àti ewé oríṣiríṣi kún un. Ọdún kejì rèé tí èmi àti ìyàwó mi ti ń retí ọmọ. Láìpẹ́ yìí, ó ń rẹ̀ mí ṣáá, ara mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ obìnrin mọ́. Mi ò tíì ṣí agolo náà. Ṣé kí n lò ó?

* * *

Má tíì ṣí i, àbúrò mi.

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ níbí, ó ti pé ọdún 21. Obìnrin ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ti mí lójú, nítorí àwọn ọkùnrin tó ti jókòó síwájú mi tí wọ́n rọra yọ irú agolo bẹ́ẹ̀ jáde nínú àpò kò lóǹkà. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ìyá, ẹ bá mi wo eléyìí." Mo máa ń bá wọn wò ó.

Ohun tí àwọn tó ń tà á ń sọ nìyí. Inú ẹpọ̀n ni ara ti ń ṣe testosterone, họ́mónù ọkùnrin tí wọ́n gé kúrú sí "testo", ṣùgbọ́n ẹpọ̀n kì í dá a ṣe láìgba àṣẹ. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Òun ló ń rán họ́mónù LH sínú ẹ̀jẹ̀ kó lọ sọ fún ẹpọ̀n pé iṣẹ́ yá. Wọ́n ní DAA máa ń ta ẹ̀yà náà jí. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́ látòkè délẹ̀. Oríṣi méjì ni aspartic acid, wọ́n jọra bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe jọ ọwọ́ òsì. Ọ̀kan ni ara fi ń kọ́ ẹran ara. Èkejì, tí í ṣe DAA, wà nínú ẹpọ̀n àti nínú ẹ̀yà abẹ́ ọpọlọ yẹn lóòótọ́. Ó gbé testosterone sókè lára eku. Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ kan ní Ítálì fún ọkùnrin 23 ní bíi gíráàmù 3 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 12, testosterone wọn sì fi ìdá 42 nínú 100 lọ sókè.

Ibẹ̀ ni ìwé ara agolo máa ń parí ọ̀rọ̀ sí. Kò parí síbẹ̀. Lọ́dún 2013, ní Texas, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń gbé irin bíi tìrẹ ní gíráàmù 3 lójúmọ́ fún ọjọ́ 28. Testosterone wọn kò yí padà, agbára wọn kò sì ju ti àwọn tí wọ́n fún ní lúbúlúbú lásán tí kò ní DAA nínú lọ. Lọ́dún 2015, wọ́n dán an wò ní Ọsirélíà. Gíráàmù 3 kò ṣe nǹkan kan. Àwọn tí wọ́n fún ní gíráàmù 6 fún ọ̀sẹ̀ méjì, testosterone tiwọn wálẹ̀ ni. Wọ́n tún dán gíráàmù 6 náà wò fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì tẹ èyí jáde ní 2017: kò sókè, kò sódò, agbára tí wọ́n fi ń gbé irin náà kò sì pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹni tó ń gbé irin bíi tìrẹ ni wọ́n fi DAA dán wò ní ẹ̀ẹ̀mẹta tó kẹ́yìn yìí, kò sì gbè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o má tíì ṣí i. Sọ fún mi ná: ṣé wọ́n ti wo testosterone rẹ rí? Ta ló sọ pé kò tó?

* * *

Ará Òkè Ṣábẹ fèsì pé òun lo irú rẹ̀ fún ọjọ́ 10, pé òun ń jí láàárọ̀ bí ọmọ ọdún 18, pé ìwé àwọn òyìnbó kò lè sọ ohun tí ara òun sọ fún òun.

Mi ò pè ọ́ ní onírọ́, àbúrò. Mo gbà pé ara rẹ yá. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni nǹkan mìíràn tó yí padà lọ́jọ́ mẹ́wàá yẹn. Ẹni tó bá fi owó ńlá ra oògùn kì í fi ọtí lé e lórí, ó máa ń jẹun lákòókò, ó sì máa ń tètè sùn kí owó rẹ̀ má bàa ṣòfò.

* * *

Ará Òkè Ṣábẹ ti dáhùn báyìí, mo sì dúpẹ́ pé kò fi bò. Ó ní zémì ni òun ń gùn, pé òun máa ń gùn ún di aago méjì òru, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí òun bẹ̀rẹ̀ agolo náà, alùpùpù òun bàjẹ́, òun sì ń sùn láti aago mẹ́wàá.

Ẹ wo nǹkan! Lọ́dún 2011, ní Chicago, wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́wàá tí ara wọn le, wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa sun wákàtí márùn-ún péré lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Testosterone wọn fi ìdá 10 sí 15 nínú 100 wálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré! Ìwọ tó o ti ń gun zémì títí di òru láti ọjọ́ pípẹ́ ńkọ́? Oorun ló kọ́kọ́ ṣe ọ́ lóore kí n tó wá fi iyì kankan fún agolo. Mo mọ̀ pé òru ni owó zémì wà, mi ò sì lè ní kó o jókòó sílé kí àwọn ọmọ rẹ máa wò ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n bí o bá lè pín in, kí o fi òru mẹ́ta lọ́sẹ̀ sùn dáadáa, 22,000 yẹn á kúkú wà lápò rẹ.

Nǹkan kan tún wà lórí ọ̀rọ̀ "ó ṣiṣẹ́ fún mi". Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2020 yẹ irú ọjà yìí 50 wò. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló sọ pé òun ń gbé testosterone sókè. Nígbà tí wọ́n wá yẹ àwọn èròjà inú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló ní ìwádìí kankan tó fi hàn pé ó ń gbé e sókè. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ní ìwádìí tó fi hàn pé ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù kò tilẹ̀ ní ìwádìí kan lórí testosterone rárá.

* * *

Ìyá Ìbejì, láti Ṣábẹ bákan náà, béèrè bóyá òun lè ra èyí tó kéré fún ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, tó tín-ín-rín tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Rárá o, ìyá wa. Ara rẹ̀ ṣì ń kọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́, họ́mónù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò ni. Kò sẹ́ni tó fi DAA dán irú wọn wò kó sọ pé kò séwu. Ẹ fún un ní ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n ń dín, kí ó sì máa sùn. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6 purotéènì. Bí ohùn rẹ̀ kò bá tíì fọ̀ tí irun kò sì tíì hù níbi tó yẹ ní ọdún 16, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí wọ́n bá ti hù, ẹ fọkàn balẹ̀.

* * *

Kóòṣì kan láti Ouando ní Àjàṣẹ́ bá mi wí. Ó ní amino asíìdì kì í ṣe oògùn, oúnjẹ ni, ó wà nínú ẹ̀wà tí mo ní kí wọ́n jẹ, kí ni mo wá ń bẹ̀rù?

Kóòṣì, òótọ́ ni pé ó wà nínú ẹ̀wà. Bí ó ṣe wà nínú ẹ̀wà kọ́ ló ṣe wà nínú agolo. Iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀, a kì í torí bẹ́ẹ̀ bu iyọ̀ jẹ ní ṣíbí ṣíbí.

Ẹ jẹ́ kí n mú arginine tí Ọmọ Kétu dárúkọ. Ó máa ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣan fi ń wú díẹ̀ tí ara sì ń gbóná bí èèyàn bá mu ún kó tó gbé irin. Àwọn ìwádìí kan tilẹ̀ rí i pé ó ran àwọn ọkùnrin tí nǹkan wọn kò le dáadáa lọ́wọ́ díẹ̀, àwọn tí ìṣòro wọn kò tíì pọ̀. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ testosterone. Nígbà tí wọ́n sì dán arginine wò ní Amẹ́ríkà lára àwọn tí ìkọlù ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, gíráàmù 3 lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹni mẹ́fà kú láàárín àwọn tó ń lò ó. Kò sẹ́ni tó kú láàárín àwọn tí wọ́n fún ní lúbúlúbú lásán. Wọ́n dá a dúró. Ọdún 2006 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Arákùnrin ọmọ ọdún 50 tó wá gbé irin lọ́dọ̀ yín, tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò sọ fún yín, ṣé ẹ máa ń bi í kí ẹ tó ta agolo fún un?

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é náà lè mú ewu wá. Lọ́dún 1989, amino asíìdì kan tó ń jẹ́ tryptophan, tí àwọn èèyàn ń lò kí wọ́n lè sùn, fi àìsàn iṣan ríro ṣe àwọn tó lé ní 1,500 ní Amẹ́ríkà, ó sì pa ọgbọ̀n èèyàn ó lé díẹ̀. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Japan ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé. Amino asíìdì kan náà ni, ó wà nínú ẹyin àti nínú wàrà.

* * *

Bàbá Àgbà kan kọ̀wé pé kí ẹ fi nǹkan òyìnbó sílẹ̀, pé àgúnmu àwọn baba wa ló dára, kò ní kẹ́míkà.

Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ewé wa ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, mi ò sì ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tó gún un lójú yín ń di ẹni ọ̀wọ́n. Bàbá kékeré mi, àbúrò bàbá mi, ń gbé ní Sákétẹ́. Ọkàn ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà sì fún un ní oògùn tó ń fi sábẹ́ ahọ́n bí àyà bá ń dùn ún. Ó fẹ́ ìyàwó kékeré. Ó ra àgúnmu kan nínú ọ̀rá lọ́jà kan nítòsí ẹnubodè, wọ́n ní ewé lásán ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà àyà dùn ún, ó fi oògùn sábẹ́ ahọ́n, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì ní ilé ìwòsàn. Ètè rẹ̀ funfun bí ẹ̀fun, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà bi wá ni: "Kí ló mu lánàá láti fi ṣe ọkùnrin?" Ìyàwó kékeré ló sọ̀rọ̀, ó ń sunkún. Dókítà ní bó ṣe ṣubú yẹn, bí ìgbà tí sildenafil bá pàdé oògùn abẹ́ ahọ́n ni. Oògùn tó wà nínú Viagra ni sildenafil. Àwọn méjèèjì kì í bára wọn gbé inú ara kan.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 2007 sí 2016, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oògùn rí ọjà afúnniníokun 776 tí wọ́n fi oògùn pamọ́ sínú wọn láìkọ ọ́ sí i lára. 353 nínú wọn jẹ́ ti agbára ọkùnrin, sildenafil ló sì pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyí. Òfin ọdún 1994 tiwọn kò ní kí ẹni tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ kó tó tà á. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, agolo tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni mẹ́fà kó tó dé Kétu ńkọ́? Àwa náà rántí oṣù kejì ọdún 2017, nígbà tí ìjọba lọ kó oògùn orí àtẹ ní Adjégounlè nínú ọjà Dantokpa. Agolo "testo" kì í sábà sí lórí irú àtẹ bẹ́ẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ń tò ó sí, ìyẹn ló sì ń tan àwọn èèyàn.

* * *

Ẹnì kan ní òun ṣe àyẹ̀wò, testosterone òun kéré, nítorí náà òun ní ẹ̀tọ́ láti lò ó. Mo bi í ní aago tó wá. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́, ó ti jẹ iyán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí, nítorí iṣẹ́ mi gan-an nìyí. Òwúrọ̀ ni testosterone máa ń ga jù. Aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀ ni kí ẹ wá, kí ẹ má tíì jẹun. Bí ó bá kéré, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn kí a tún un wò. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ọ̀pọ̀ dókítà gba 300 nánógíráàmù nínú dẹsilítà kan gẹ́gẹ́ bí ààlà. Bí ẹ̀ẹ̀mejèèjì bá wà lábẹ́ rẹ̀ tí ara sì ń fi àmì hàn, dókítà á wá ìdí rẹ̀: ọ̀rá ikùn, ìtọ̀ ṣúgà, àìsùn, ẹ̀yà abẹ́ ọpọlọ yẹn, tàbí ẹpọ̀n fúnra rẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin tó fi ọdún kan ra agolo, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta á, tó ń jí tọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru. Ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ ti ga tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní kó má kúrò níwájú wa títí dókítà fi dé.

Ẹ̀yin tó ń lo creatine náà, lúbúlúbú tí àwọn tó ń gbé irin ń mu nítorí agbára, ẹ sọ fún wa kí a tó fa ẹ̀jẹ̀ yín. Ó máa ń gbé creatinine, ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́, sókè nínú èsì àyẹ̀wò, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé kíndìnrín yín ti ń bàjẹ́.

* * *

Ọmọ Kétu padà wá. Ó ní ojú ń ti òun, ṣùgbọ́n òun kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní irin gbígbé ti ń gún òun ní abẹ́rẹ́ testosterone lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí owó ti tán tí òun sì dá a dúró. Ìgbà náà ni àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ òun ní agolo yìí ni yóò tún un ṣe.

Àbúrò mi, má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Ohun tó o sọ yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí a ti ń sọ láti àárọ̀ lọ.

Nígbà tí testosterone bá ń ti inú abẹ́rẹ́ wọlé, ẹ̀yà abẹ́ ọpọlọ á rí i pé ó ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á sì ṣíwọ́ rírán LH. Ẹpọ̀n kò ní gbàṣẹ mọ́, á dákẹ́, á máa sún kì. Kì í ṣe testosterone tirẹ nìkan ni kò ní ṣe mọ́, kòkòrò inú àtọ̀ tó ń mú obìnrin lóyún náà á dínkù tàbí kó tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ dán abẹ́rẹ́ yìí wò fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí ọkùnrin, miligíráàmù 200 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1990. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ju ìdajì àwọn ọkùnrin náà lọ tí kò ní kòkòrò kan ṣoṣo mọ́ nínú àtọ̀. Oògùn tí wọ́n ṣàyẹ̀wò pé ó lè dá ọmọ dúró ni ìwọ tó ń wá ọmọ ń gún. Ó dùn mí gan-an pé ẹni tó gún ọ kò sọ ọ́ fún ọ.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ wá tán, tara rẹ kò tíì jí. Ìyẹn lè jẹ́ ìdí àárẹ̀ àti ìfẹ́ tó dínkù. Ó sábà máa ń padà, ṣùgbọ́n oṣù ni a fi ń kà á. Kòkòrò inú àtọ̀ nìkan ń gbà tó oṣù méjì àbọ̀ kó tó dàgbà tán. Kò sí ìwádìí tí mo lè gbé lé ọ lọ́wọ́ tó sọ pé DAA ń jí ẹpọ̀n tí abẹ́rẹ́ mú sùn. Dókítà ní oògùn tó lè lò bí ó bá pọn dandan, ṣùgbọ́n òun ni yóò wo LH rẹ àti FSH, họ́mónù mìíràn tí ẹ̀yà abẹ́ ọpọlọ ń rán sí ẹpọ̀n, kó tó pinnu. Má gún òmíràn láti fi pa àárẹ̀ náà.

Nǹkan kan ṣì wà. Abẹ́rẹ́ náà kò ju oṣù márùn-ún lọ, ẹ sì ti ń retí ọmọ fún ọdún méjì. Nǹkan kan lè ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, lọ́dọ̀ rẹ tàbí lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí wọ́n yẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni má dá ẹrù náà rù.

* * *

Ó ní àwọn yóò jọ wá lọ́jọ́bọ̀, òun àti ìyàwó òun.

Ẹ káàbọ̀ ṣáájú àkókò. Ẹ gba ọ̀nà Pobè àti Sákétẹ́ lọ́jọ́rú, kí ẹ sùn lọ́dọ̀ ìbátan yín ní Àjàṣẹ́, nítorí bí ẹ bá gbéra ní Kétu láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, oòrùn á ti ga kí n tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ. Má fara kan ìyàwó rẹ láti ọjọ́ ajé. A fẹ́ kí ọjọ́ tó kọjá jẹ́ méjì sí méje kí a tó gba àtọ̀, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Má gbé e wá láti ilé, ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ mi láàárín wákàtí kan, yàrá kan sì wà níbí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Mú agolo náà wá bó ṣe wà. Bí o bá sì ti ju ìgò abẹ́rẹ́ náà nù, lọ wá a lẹ́yìn ibi tí ẹ ti ń gbé irin: orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.